Dẹ́kìn wo ni kò ní máa mì? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, àti ẹni tó fẹ́ háyà rẹ̀

Ìdílé méjì la jọ wà lórí dẹ́kìn kan nínú ilé tí mo háyà n'Íbàdàn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí aago méjì ọ̀sán bá ti ń lọ lù, ìyá tó kọjú sí mi á gbé odó kalẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì á gbá ọmọ odó mú, ó di gbì, gbì, gbì. Ariwo yẹn kò dà mí láàmú. Ta ló ń bínú sí iyán? Omi inú ife tó wà lórí tábìlì mi ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Bí ọmọ odó bá ti balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ojú omi lọ́dọ̀ mi á wárìrì, àga tí mo jókòó lé náà á máa gbọ̀n mí díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń fọ ilẹ̀, wọ́n wá gbé odó kúrò láàárín yàrá lọ sí kọ̀rọ̀ ògiri. Iyán kan náà ni, àwọn ọmọ kan náà ló ń gún un, àmọ́ omi inú ife mi kò mira.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ẹnjiníà láàmú pẹ̀lú ìbéèrè. Ohun tí mo rí kó jọ ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níbí, nítorí mo rí i pé owó nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò tí wọ́n bá fẹ́ yan irú dẹ́kìn tí wọ́n máa dà. Ìgbà tí wọ́n bá kó wọlé tán ni ojú wọn ń já a.

Líle ọ̀tọ̀, mímì ọ̀tọ̀

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé dẹ́kìn tó bá ń mì ti fẹ́ wó, pé èyí tí kò bá sì mì, kò séwu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo pákó tí àwọn bírikìlà ń tò dúró lé lórí tí wọ́n bá ń rẹ́ ògiri lókè. Ó ń tẹ̀, ó ń fì, síbẹ̀ ó gbé èèyàn méjì àti kọnkéré inú páànù dalẹ́. Dẹ́kìn tí wọ́n fi símẹ́ńtì díẹ̀ dà ńkọ́? Ó lè dúró gbọin lónìí, kó wó lulẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, ohun tí mo ń sọ níbí kò dípò ẹnjiníà tó máa ṣírò bóyá ilé yóò dúró. Ìgbádùn ẹni tó ń gbé inú ilé ni mo ń sọ.

Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ máa ń gbé ẹsẹ̀ bí ìgbà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ń jó tàbí tó ń fò máa ń wà láàárín 1.5 sí 3.5. Dẹ́kìn pẹ̀lú ní ìwà tirẹ̀: tí ẹ bá lù ú lẹ́ẹ̀kan tí ẹ fi í sílẹ̀, iye ìgbà kan wà tí yóò máa lọ sókè-sódò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ tí ìṣísẹ̀ èèyàn bá bá ìwà dẹ́kìn mu. Ẹni tó bá ti ti ọmọ lórí jáńgírọ́fà rí mọ̀ ọ́n: tí o bá ń tì í ní gbogbo ìgbà tó bá padà dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìka kan tó láti gbé e sókè fíofío.

Ẹ lè ní, ṣé dẹ́kìn wo ló ń mì nígbà 2 péré? Ó ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó balẹ̀ kì í lù lẹ́ẹ̀kan lásán. Nínú lílù kan náà, lílù kéékèèké wà tó ń sáré ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dẹ́kìn tí ìwà rẹ̀ bá jẹ́ 4 tàbí 6 yóò dá ẹni tó ń rìn ní 2 lóhùn. Tó bá ti kọjá 8, lílù kéékèèké tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà ilé onípákó ní Yúróòpù fi gbà pé ilẹ̀ yàrá tí kò bá tó 8 nílò àyẹ̀wò àkànṣe. Ìlànà àwọn ará Britain ti ọdún 1996 sì gbé e sí 8.4 fún ibi tí èèyàn ti ń jó tí wọ́n ń fò, tí ẹni tó kọ́ ọ kò bá fẹ́ ṣe ìṣirò fífò yẹn lọ́tọ̀.

Ìṣirò kan tún wà tí ẹ lè ṣe lórí fóònù yín. Ẹ bi ẹnjiníà yín pé mìlímítà mélòó ni dẹ́kìn náà máa tẹ̀ láàárín tí ẹrù tó máa ń wà lórí rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ẹ wá square root nọ́ńbà yẹn, kí ẹ fi pín 18. Mìlímítà 5 á fún yín ní 8, mìlímítà 20 á fún yín ní 4. Kò péye délẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹnjiníà tí ẹ bá bi ní ìbéèrè yìí á mọ̀ pé ojú yín là.

Kọnkéré gidi tàbí èyí tó ní kòkò nínú

Èyí ló kan àwa tá à ń kọ́lé níbí jù, òun ni mo sì máa pẹ́ lé lórí.

Kọnkéré gidi ni èyí tí wọ́n dà pa pọ̀ látìsàlẹ̀ dókè láìsí ihò. Ohun tó fi borí ni ìwúwo rẹ̀. Tó bá nípọn tó mìlímítà 150, mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó rẹ̀ wúwo tó 360 kílò. Yàrá tó jẹ́ mítà 4 sí mítà 4, dẹ́kìn rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 6. Kí ọkùnrin tó wúwo tó 80 kílò wá máa fò lórí rẹ̀, bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé erin ni. Ìdí nìyẹn tí yàrá kéékèèké inú àwọn ilé wa kì í fi í mì, kódà tí àwọn ọmọ bá ń fi ibẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù.

Àmọ́ ayé ti di ayé pálọ̀ ńlá. Onílé kò fẹ́ rí òpó, kò fẹ́ rí bíìmù, ìyẹn ìdábùú kọnkéré tó ru dẹ́kìn, kó yọ sísàlẹ̀, ó fẹ́ kí pálọ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni erin ti ń di ẹfọ̀n, tí ẹfọ̀n ń di àgbò. Tí ẹ bá sọ àlàfo láàárín ògiri méjì di ìlọ́po méjì láìfi kún ìnípọn, dẹ́kìn yẹn á tẹ̀ ní ìlọ́po 16. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá á sì já sí ìdá mẹ́rin ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà ní 16, tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè bá, á bọ́ sí 4, tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sí ilé ìdáná á máa bá a ṣeré.

Bírikìlà á ní, "Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀, a máa fi irin kún un." Ẹ má gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Irin ni kì í jẹ́ kí kọnkéré tó bá ya já, ṣùgbọ́n kíkún irin kò fi bẹ́ẹ̀ dá mímì dúró. Ìnípọn ló ń dá a dúró, àti bíìmù. Tí ẹ bá sọ ìnípọn di ìlọ́po méjì, agbára tí dẹ́kìn fi ń kọ títẹ̀ á di ìlọ́po 8, nígbà tó jẹ́ pé ìlọ́po méjì péré ni ìwúwo rẹ̀ máa fi pọ̀ sí i.

Ibí ni dẹ́kìn oníkòkò ti wọlé, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní hollow pot. Wọ́n á to kòkò amọ̀ oníhò tàbí fóòmù líle sílẹ̀, wọ́n á fi àlàfo tóóró sílẹ̀ láàárín wọn fún irin àti kọnkéré. Àlàfo wọ̀nyẹn ló máa di ìhà, bí egungun ìhà ẹran, kí wọ́n tó wá da kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo rẹ̀ lórí, bíi mìlímítà 50. Ó nípọn ju kọnkéré gidi lọ, síbẹ̀ kò wúwo tó o, nítorí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Fún pálọ̀ tó gùn tó mítà 6 tàbí 7 tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ rí bíìmù, mo fara mọ́ ọn ju kọnkéré gidi tín-ín-rín lọ.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ lára rẹ̀. Èkíní, àwọn ìhà yẹn máa ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, kí wọ́n sì gba ọ̀nà tó kúrú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tò wọ́n gba ọ̀nà tó gùn torí pé irin tí wọ́n gé sílẹ̀ ló bá a mu bẹ́ẹ̀! Èkejì, nígbà tí ìwúwo rẹ̀ ti dín kù, ẹsẹ̀ tó ń fò á ní agbára lórí rẹ̀ ju lórí kọnkéré gidi tó tẹ̀ bákan náà lọ. Ẹni tó mọ̀ pé òkè ilé òun máa di ibi ijó lọ́jọ́ kan, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó to kòkò.

Tèmi ni pé: yàrá tí kò bá kọjá mítà 4 àti ààbọ̀, ẹ da kọnkéré gidi, ẹ má wulẹ̀ ronú. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, oníkòkò tàbí kọnkéré gidi pẹ̀lú bíìmù, ẹwà ló kù kí ẹ fi yàn. Odó kò sì gbọdọ̀ wà láàárín yàrá nínú èyíkéyìí. Ẹ gbé e súnmọ́ ògiri tó ru dẹ́kìn tàbí sórí bíìmù, bí àwọn ará ilé ìyá yẹn ṣe ṣèèṣì ṣe é. Nítòsí ibi tó gbára lé, dẹ́kìn kò ní àyè láti lọ sókè-sódò.

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé bákónì. Èyí tó yọ síta tí kò sí òpó létí rẹ̀, tí ìnípọn àti gígùn rẹ̀ bá jẹ́ bákan náà pẹ̀lú dẹ́kìn tó gbára lé ògiri méjì, etí rẹ̀ máa tẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 9 àtààbọ̀ ju àárín ti ológiri méjì lọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn àlejò máa ń kóra jọ sí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Irin

Oríṣi méjì ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n pọ̀ mọ́ yín lójú. Èkíní ni ti ilé ọ́fíìsì ńlá: bíìmù irin, páànù irin lórí rẹ̀, kọnkéré lórí páànù. Ó lè gùn tó mítà 9 tàbí 12 láìsí òpó, ìyẹn ni àwọn tó ni ọ́fíìsì ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Irú rẹ̀ tó bá gùn báyìí sábà máa ń mì láàárín ìgbà 4 sí 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àárín yẹn gan-an ni ara èèyàn ti máa ń gbọ́ mímì òkè-sódò jù. Ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní Amẹ́ríkà ń lò fún èyí ní kí mímì ilẹ̀ ọ́fíìsì má ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ayé fi ń fa nǹkan wálẹ̀ lọ. Ó fi àyè ìlọ́po mẹ́ta sílẹ̀ fún ilé ìtajà ńlá, ìlọ́po mẹ́wàá fún afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níta. Kì í ṣe pé irin yàtọ̀. Èèyàn ló yàtọ̀. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ohun tí ẹni tó ń rìn kò lè gbọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń mi ilẹ̀ fi máa ń búra pé kò sí nǹkan kan, tí ẹni tó jókòó sì ń bínú. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ohun mìíràn tó kan ọ́fíìsì: nígbà tí pátíṣọ̀n àti kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì ṣì kún inú rẹ̀, àwọn ló ń fa mímì mu. Bí wọ́n ti ń kó wọn dà nù, tí gbogbo ibẹ̀ di gbangba, ilẹ̀ tí kò mì tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Oríṣi kejì ni àjà irin tí àwọn wẹ́dà ń jó mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń tẹ́ pákó tàbí páànù lé lórí láti fi sọ ṣọ́ọ̀bù kan di méjì. Kò sí kọnkéré, kò sí ìwúwo. Ẹ máa kó ọjà síbẹ̀. Ẹ má gbé máṣíìnì ìránṣọ méje àti ọmọ iṣẹ́ méje síbẹ̀ kí ẹ wá máa béèrè ohun tó fà á tí òwú ń já.

Pákó

Ní Èkó, àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ lápá Pópó Àgùdà, pákó ló wà lókè ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá ti gòkè níbẹ̀ rí á mọ bí igi ṣe ń dáhùn sábẹ́ ẹsẹ̀. Lónìí, àwọn ènìyàn wa tó wà ní Britain àti Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ pákó kàn jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ilé onípákó tí wọ́n sì ń gbé ìwà ilé oníkọnkéré wọ inú rẹ̀.

Mítà kan sí mítà kan ilẹ̀ pákó, pẹ̀lú àwọn igi abẹ́ rẹ̀ àti sílíìnì, sábà máa ń wà ní nǹkan bí 50 kílò. Ẹ rántí 360 ti kọnkéré. Àgbàlagbà kan tó ń fò wúwo ju ibi tó dúró lé lọ! Àbúrò mi obìnrin ra ilé àtijọ́ kan lápá Peckham ní London. Bí ọmọkùnrin rẹ̀ bá ti sáré kọjá lókè, àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbá ara wọn, á máa dún. Ó ra kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn bí ẹní àwọn ọba. Ariwo ẹsẹ̀ rọlẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́ gbì-gbì mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àwo kò dákẹ́. Kápẹ́ẹ̀tì ń pa ariwo, kì í pa mímì. Káfíńtà ló wá ṣí pákó, ó kan igi ìdábùú sáàárín àwọn igi abẹ́ ilẹ̀, ó fi sukúrù de pákó náà padà dípò ìṣó. Ó dín kù gan-an, nítorí igi kan kò dá fara gbá ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́. Ó ń pín in fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń yàn láàárín ilé onípákó méjì, kó wo gíga àwọn igi abẹ́ ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe gùn tó kó tó wo bí wọ́n ṣe kun ògiri. Ní Amẹ́ríkà, òfin ilé gbígbé gbà kí ẹrù èèyàn àti àga tẹ ilẹ̀ yàrá títí dé ìdá kan nínú 360 gígùn igi náà. Lórí igi tó gùn tó mítà 5 àtààbọ̀, ìyẹn tó mìlímítà 15. Òfin ò bá ẹni tó kọ́ ọ wí, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ta ló máa wà lórí rẹ̀?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2011, ilé alájà 39 kan tó ń jẹ́ TechnoMart ní Seoul, ní Kòríà Gúúsù, mì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Àwọn èèyàn sá jáde, wọ́n rò pé ilẹ̀ ló mì. Àwọn tó ṣe ìwádìí rí i pé èèyàn bíi 17 tí wọ́n ń ṣe eré ìdárayá pa pọ̀ ní àjà kejìlá ló fà á: ìlù tí wọ́n ń fò sí bá ìwà ilé náà mu. Èèyàn 17 péré ni o.

Ẹ wá ro ti ṣọ́ọ̀ṣì tó háyà òkè ilé ìtajà. Ẹni igba tí kálukú ń rìn tirẹ̀ kò léwu tó ẹni ogójì tó ń fò sí ìlù kan. Kálukú tó ń rìn tirẹ̀, ìṣísẹ̀ èyí ń pa ti ìyẹn. Ìlù ló ń so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yan láàárín ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àti òkè fún ìjọ, ibi ijó tàbí ibi eré ìdárayá, kí ó gba ilẹ̀ẹ́lẹ̀, bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ ga jù. N kò rí ìdí kankan láti fi igbá kan bọ̀kan nínú lórí èyí.

Tó bá jẹ́ yàrá gbígbé lẹ fẹ́ háyà, ẹ ṣe ohun tí àwọn ẹnjiníà fúnra wọn ń ṣe kí ẹ tó sanwó. Ẹ dúró sáàárín pálọ̀, ẹ dìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹlòmíì jókòó sítòsí, nítorí òun ló máa gbọ́ ọ. Gbọ̀n kan tó kú lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Èyí tó ń bá a lọ bíi gìtá tí wọ́n ta okùn rẹ̀, òun ni kí ẹ sá fún. Ilé òfìfo máa ń mì ju ilé tí àga àti bẹ́ẹ̀dì ti wà nínú rẹ̀ lọ, ẹ fi ìyẹn yọ díẹ̀ nínú ẹ̀sùn rẹ̀.

Tó bá ti ń mì ńkọ́?

Kí ohun tó ń mì ín kúrò láàárín ni owó rẹ̀ kéré jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ògiri tàbí òpó lábẹ́ àárín dẹ́kìn ló ṣiṣẹ́ jù, nítorí ó gé àlàfo sí méjì. Àmọ́ ẹnjiníà ló gbọdọ̀ yan ibẹ̀, torí irin tí wọ́n tò sínú dẹ́kìn náà kò retí òpó níbẹ̀, kọnkéré sì lè ya lókè òpó tuntun yẹn. Èyí tí n kò fara mọ́ rárá ni kí wọ́n tún da kọnkéré lé ti tẹ́lẹ̀ lórí láìṣírò. Ẹrù lẹ ń di ru ilé tó ti ń ráhùn.

Gbogbo èyí wà fún dẹ́kìn tó kàn ń mì. Tí ẹ bá rí i pé ilẹ̀kùn tó ń tì geere tẹ́lẹ̀ ti ń há, tí ìlà tó ya lábẹ́ dẹ́kìn ń fẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tàbí tí àárín ti tẹ̀ débi tí omi tí ẹ fi ń fọ ilẹ̀ ń ṣàn lọ kóra jọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti odó. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó pe ẹnjiníà.